Ta Ní Ń Sọ̀rọ̀ Lábẹ́ Agọ̀? Àgbéyẹ̀wò Mark Twain Tonight!, Eré Oníṣe Ẹlẹ́nìkan ti Hal Holbrook

Ìfáàrà

Díẹ̀ ni eré oníṣe tí ó pẹ́ lọ́wọ́ òṣèré kan ṣoṣo bí Mark Twain Tonight! ti pẹ́ lọ́wọ́ Hal Holbrook. Ní 1954 ni Holbrook kọ́kọ́ dá eré náà ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni ní Lock Haven, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 2017 ni ó tó fi í sílẹ̀. Láàrin ọdún 63 yìí, iye ìgbà tí ó gbé eré náà jáde lé ní 2,000. Ẹni ọdún 29 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún 92 ni nígbà tí ó dáwọ́ dúró. Eré náà gbé e dé Broadway, ojúlé eré oníṣe tí ó lókìkí jù lọ ní New York, ní 1966, ní 1977 àti ní 2005. Èyí tí ó ṣe ní 1966 ni ó fi gba àmì-ẹ̀yẹ Tony gẹ́gẹ́ bí òṣèrékùnrin tí ó ta yọ jù lọ. Ní Oṣù Kẹta 1967, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS gbé e sórí afẹ́fẹ́, àwọn tí kò lè dé ilé eré sì tipa bẹ́ẹ̀ rí i.

Bí eré kan ti pẹ́ tó kọ́ ni ó ń sọ bí ó ti dára tó. Ìbéèrè tí ó wà nídìí eré yìí ni ó mú kí ó yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Bí alààyè bá dìde tí ó ń fi ẹnu òkú sọ̀rọ̀, ta ni ó ni ọ̀rọ̀ náà? Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì jẹ́ ẹ̀fẹ̀ tí ó ń bá ìlú wí, ǹjẹ́ àwọn tí ń rẹ́rìn-ín mọ̀ pé àwọn gan-an ni à ń bá wí? Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí Holbrook ti dákẹ́ ni agbára eré rẹ̀ wà. Ìdákẹ́ náà ni kì í jẹ́ kí òǹwòran rí ibi sá gbà. Yóò tún fi hàn pé níbi tí eré náà ti sọ Mark Twain di bàbá àgbà aláwàdà lásán, ó kù díẹ̀ káàtó.

Ènìyàn Méjì, Orúkọ Mẹ́ta

Samuel Langhorne Clemens ni orúkọ àbísọ ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mark Twain. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 30, Oṣù Kọkànlá 1835, ní abúlé kan tí ń jẹ́ Florida ní ìpínlẹ̀ Missouri. Hannibal, ìlú kan létí odò Mississippi, ni ó gbé dàgbà. Ìlú tí wọ́n ti ń ra ẹrú, tí wọ́n sì ti ń ta ẹrú ni Hannibal nígbà náà. Bàbá Clemens pàápàá ní ẹrú. Ọmọ náà ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé, ó kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ lórí odò Mississippi, ó sì gba ìwé-àṣẹ atukọ̀ ní 1859. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, iṣẹ́ náà dópin, Clemens sì gba ìhà ìwọ̀-oòrùn lọ. Ní 1863, nígbà tí ó ń kọ ìròyìn ní Virginia City ní Nevada, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ Mark Twain buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀. Igbe àwọn tí ń wọn omi nínú ọkọ̀ ni orúkọ yìí. Ó túmọ̀ sí pé omi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, pé ọkọ̀ lè kọjá láìséwu.

Ó yẹ kí lámèyítọ́ fi èyí sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí Holbrook tó gbé agọ̀ Mark Twain wọ̀, Clemens fúnra rẹ̀ ti gbé e wọ̀. Láti ọjọ́ 2, Oṣù Kẹwàá 1866, tí ó kọ́kọ́ sọ àsọyé fún àwọn tí ó sanwó wọlé ní San Francisco, ni ó ti ń rin ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí Mark Twain, tí ó ń dúró níwájú èrò, tí ó ń díbọ́n pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Nígbà tí gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó fi ọdún 1895 sí 1896 rìn yí ayé ká. Ó sọ àsọyé ní Australia, ní New Zealand, ní Íńdíà àti ní Gúúsù Áfíríkà kí ó lè rí owó san fún àwọn tí ó jẹ ní gbèsè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ wo Holbrook, agọ̀ lórí agọ̀ ni ó lọ wò.

Wọ́n bí Holbrook ní 1925 ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Kékeré ni ó wà tí àwọn òbí rẹ̀ fi í sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà ni ó tọ́ ọ ní Massachusetts. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Denison ní Ohio. Níbẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀ eré oníṣe ti dá a lábàá pé kí ó fi Mark Twain ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ruby, ni wọ́n jọ ń gbé eré kéékèèké kiri ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni èyí tí oníròyìn ti ń fi ọ̀rọ̀ wá Mark Twain lẹ́nu wò, tí ó sì ń fún un lésì tí kò nítumọ̀. Nígbà tí ó di pé kí Holbrook máa dá rìn, ọ̀rọ̀ ẹni méjì di ọ̀rọ̀ ẹnì kan.

Ìṣòro kan dojú kọ ọ́ tí kì í sábàá dojú kọ òṣèré tí ń ṣàfihàn ẹni tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún ogún. Kò sí ibi tí ohùn Mark Twain wà tí ènìyàn lè gbọ́. Ní 1891, Clemens gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kọ ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà sílẹ̀ ti sọnù. Àwòrán tí ń rìn tí ilé-iṣẹ́ Edison yà nípa rẹ̀ ní 1909, ọdún kan kí ó tó kú, kò ní ohùn. Ohun tí ó kù tí ó sún mọ́ ọn jù ni ti òṣèré William Gillette, aládùúgbò rẹ̀ ní Hartford, tí ó sín in jẹ ní Yunifásítì Harvard ní 1934, tí wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Ohun tí àwọn tí ó gbọ́ Clemens kọ sílẹ̀ náà tún wà: pé ó máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn, pé kì í kánjú, pé ojú rẹ̀ kì í yí padà bí èrò bá ń rẹ́rìn-ín. Láti ara ìwọ̀nba wọ̀nyí ni Holbrook ti hun ohùn kan jáde. Ohùn náà wọ ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà létí débi pé òun ni wọ́n ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé Mark Twain. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó jọ ọ́ tàbí pé kò jọ ọ́. Iṣẹ́ ọnà ni, ẹ̀rí ìtàn kọ́.

Àgbékalẹ̀ Eré

Ohun èlò orí ìtàgé kò pọ̀. Tábìlì kan wà, àga kan, ìwé mélòó kan, àti tábìlì gíga tí olùbánisọ̀rọ̀ máa ń dúró sí. Arúgbó ẹni 70 ọdún kan a wọlé pẹ̀lú kóòtù funfun, irun funfun, túbọmu tí ó bo ètè òkè, àti sìgá ńlá lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀dá-ìtàn mìíràn, kò sì sí ìtàn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí. Ohun tí òǹwòran rí ni àsọyé arúgbó kan tí ó dà bí ẹni pé ó ń rántí ohun tí yóò sọ bí ó ti ń sọ ọ́.

Nígbà tí Holbrook wà lọ́dọ̀ọ́, ó máa ń lò ju wákàtí mẹ́ta lọ láti fi ohun ìkunjú sọ ara rẹ̀ di arúgbó. Ìhunjọ, àmì ara àti iṣan ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ni ó ń yà sí ara rẹ̀ níwájú dígí. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ojú tí ó ń yà bẹ̀rẹ̀ sí di ojú tirẹ̀. Ẹni ọdún 74 ni Mark Twain nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 21, Oṣù Kẹrin 1910. Holbrook kọjá ọjọ́ orí yẹn, kò sì dáwọ́ eré dúró. Fún nǹkan bí ọdún 18 tí ó gbẹ̀yìn eré náà, àgbà ni ó ń ṣe ẹni tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ẹsẹ̀ tí ó ń gbọ̀n lórí ìtàgé kò jẹ́ àfarawé mọ́. Èyí fún àwọn apá tí ó sọ̀rọ̀ nípa ikú àti àwọn tí ó ti lọ ní ìtumọ̀ tí kò sí nínú wọn ní 1954, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Èyí ni òfin tí Holbrook fi de ara rẹ̀: ọ̀rọ̀ Mark Twain nìkan ni yóò sọ. Ó lè gé e kúrú, ó lè mú ìpínrọ̀ kan láti inú ìwé ìrìn-àjò kí ó so ó mọ́ òmíràn láti inú àsọyé, ṣùgbọ́n kò ní dárúkọ ààrẹ tí ó wà lórí oyè, kò sì ní fi ọ̀rọ̀ tuntun bọ ẹnu òkú. Ó ní àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ ju ohun tí alẹ́ kan lè gbà lọ. Nínú rẹ̀ ni ó ti ń ṣa èyí tí yóò lò gẹ́gẹ́ bí ìlú ti rí àti bí ọjọ́ ti rí. Eré tí wọ́n rí ní ìlú kan lè má jẹ́ eré tí wọ́n rí ní ìlú kejì. Nípa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àṣàyàn ni iṣẹ́ Holbrook. Òkú ni ó ni ọ̀rọ̀. Alààyè ni ó yan ìgbà tí yóò sọ ọ́. Ẹni tí ó bá sì yan ìgbà ti di alájọni ọ̀rọ̀ náà.

Agọ̀ àti Ibi Ìsápamọ́

Fún òǹkàwé Yorùbá, ohun tí Holbrook ń ṣe kò ṣàjèjì pátápátá. Ará ọ̀run tí ó padà wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni egúngún jẹ́ lójú àwọn tí ó ni ín. Nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dé ní agbègbè Kétu, òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde, tí yóò máa fi orin sọ ohun tí ẹlòmíràn kò lè sọ lójú mọ́mọ́. Yóò bu olè, yóò bu olójúkòkòrò, yóò fi ẹni tí ó ni ìlú lára ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tí yóò bá a ṣẹjọ́, nítorí abẹ́ ìbòjú ni ó ti sọ ọ́. Agọ̀ ni ó fún un láyè. Bákan náà ni agọ̀ Mark Twain fún Holbrook láyè láti dúró níwájú èrò, kí ó sì pe àwọn aṣòfin wọn ní ọ̀daràn, kí ó fi ìfẹ́ ilẹ̀ baba wọn àti ìsìn wọn ṣe ẹ̀fẹ̀, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pàtàkì wà. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, èèwọ̀ ni kí á dárúkọ ẹni tí ó gbé eégún. Ní ti Holbrook, orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé ìpolówó, òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ sanwó wọlé. Agọ̀ rẹ̀ kò bo ènìyàn. Ìgbà ni ó bò. Ẹ̀fẹ̀ ń bá àwọn tí ó wà láàyè wí nípa ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àwọn tí Mark Twain ń bá wí ti wà nínú ilẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹwòran tó dáyé. Àǹfààní tí ó wà nínú èyí ni pé ó sọ ọ̀rọ̀ di èyí tí ó ṣe é gbọ́. Ewu rẹ̀ ni pé ó fún olùgbọ́ ní ibi ìsápamọ́. Òǹwòran lè rẹ́rìn-ín títí kí ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ayé àtijọ́ ni, pé àwọn baba ńlá òun ni ó burú, pé òun ti là kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ti di oorun. Ìwọ̀n tí ó yẹ kí lámèyítọ́ fi wọn eré yìí ni bí ó ti dí ibi ìsápamọ́ yẹn.

Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

Ìdákẹ́ ni Holbrook fi dí i. Ó kọ́ èyí lọ́dọ̀ Mark Twain fúnra rẹ̀. Nínú àròkọ How to Tell a Story, tí ó jáde ní 1895, Mark Twain ya ìtàn ẹ̀fẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwàdà lásán. Ó ní ọ̀nà tí à ń gbà sọ ìtàn ẹ̀fẹ̀ ni ó gbé e ró, pé ohun tí ó wà nínú àwàdà ni ó gbé àwàdà ró. Ó ní ẹni tí ń sọ ìtàn ẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun pani lẹ́rìn-ín. Ó wá tẹnu mọ́ ìdánudúró: bí ó bá kúrú jù, ọ̀rọ̀ bàjẹ́, bí ó bá gùn jù, èrò ti já ohun tí ń bọ̀, ìyàlẹ́nu sì ti lọ.

Holbrook sọ ẹ̀kọ́ yìí di ìṣe. Sìgá ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tí ó bá sọ gbólóhùn kan tí ó tó gún ènìyàn lára, a wá ìṣáná, a tan iná, a fa èéfín, a wo èrò bí ẹni pé ó ti gbàgbé wọn. Láàrin ìgbà yẹn, òǹwòran ni ó ń parí gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Bí Mark Twain ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún bá bu Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí Holbrook sì dánu dúró, èrò tí ó gbọ́ ọ ní ìgbà ìwà ìbàjẹ́ Watergate tí ó lé Ààrẹ Nixon lórí oyè ní 1974 kò nílò kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Nixon fún wọn. Àwọn ni ó dárúkọ rẹ̀ nínú ọkàn wọn. Ọdún 1967 tí eré náà dé orí tẹlifíṣọ̀n, ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀fẹ̀ Mark Twain lórí ogun àti ìfẹ́ ilẹ̀ baba mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí Holbrook bá fi orúkọ wọ̀nyí sínú ọ̀rọ̀ náà, ìdajì èrò ì bá bínú, ìdajì ì bá yọ̀, gbogbo wọn ì bá sì gbàgbé kí wọ́n tó délé. Nítorí pé kò fi í sí i, ẹni tí ó bá rí ìtumọ̀ náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un, kò sì lè bá elòmíràn jà lé e lórí. Ó bá a mu pé òṣèré yìí kan náà ni ó ṣe ọ̀fófó inú òkùnkùn nínú fíìmù All the President's Men ní 1976, ẹni tí ó ń fún oníròyìn ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ kí ó lè lọ wá ìyókù.

Apá kan wà nínú eré náà tí ọ̀rọ̀ ìdákẹ́ ti di kókó fúnra rẹ̀. Ní 1899, Mark Twain kọ àròkọ kan, My First Lie and How I Got Out of It, tí Holbrook mú wọ inú eré. Àlàyé rẹ̀ ni pé irọ́ tí ó burú jù kì í ti ẹnu jáde. Nígbà tí wọ́n ń fi ènìyàn ṣẹrú, gbogbo orílẹ̀-èdè dákẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni ìdákẹ́ náà. Ẹ wo bí ó ti rí nínú gbọ̀ngàn. Òṣèré fi ìdákẹ́ bá ìdákẹ́ wí. Nígbà tí ó bá dánu dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ìdákẹ́ tí ó bo gbọ̀ngàn di ẹ̀rí sí ọrùn àwọn tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n dákẹ́ báyìí. Kí ni wọ́n dákẹ́ lé lórí níta? Kò sí apá mìíràn tí ibi ìsápamọ́ òǹwòran ti dí tó báyìí.

Ohùn Mẹ́rin Nínú Ọ̀fun Kan

Apá tí ó le jù, tí ó sì fi agbára àti àìpé eré náà hàn pọ̀, ni èyí tí ó ti inú Adventures of Huckleberry Finn wá, ìwé tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1885. Huck, ọmọ òyìnbó tálákà kan, àti Jim, ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀, ń bá odò Mississippi lọ lórí pákó tí a so pọ̀. Holbrook ṣe ìjàkadì Huck pẹ̀lú ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀. Jim ń yọ̀ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òmìnira, pé òun yóò ra ìyàwó àti ọmọ òun padà. Ẹ̀rù ba Huck nítorí ìlú ti kọ́ ọ pé olè ni ẹni tí ó bá ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá. Ó wọ ọkọ̀ kékeré láti lọ tú àṣírí Jim. Ó pàdé ọkùnrin méjì tí wọ́n mú ìbọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń wá ẹrú tí ó sá. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ẹni tí ó wà lórí pákó, kò lè sọ òtítọ́. Ó dọ́gbọ́n sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà pé àrùn ìgbóná wà níbẹ̀, wọ́n sì fún un lówó kí ó má baà sún mọ́ wọn. Huck padà pẹ̀lú ìtìjú, ó gbà pé òun ti dẹ́ṣẹ̀.

Èrò a rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn ọlọ́dẹ ẹrú ń sá fún àrùn tí kò sí. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Nígbà tí Huck bá ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, òǹwòran mọ̀ pé rere ni ó ṣe. Ó sì ṣòro fún un láti má béèrè irú rere tí ìlú tirẹ̀ ti kọ́ ọ láti máa pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Mark Twain fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ní 1895 pé ọkàn tí ó yè kooro àti ẹ̀rí-ọkàn tí ó ti wọ́ ni ó ń bá ara wọn jà nínú orí ìwé yìí, pé ẹ̀rí-ọkàn sì ni ó pòfo. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ẹ̀rín náà padà di ohun tí ó ń ha òǹwòran lọ́fun.

Síbẹ̀, ó yẹ kí á ka iye ohùn tí ó wà nínú ọ̀fun kan yìí. Holbrook ń sọ̀rọ̀ bí Mark Twain. Mark Twain ń sọ̀rọ̀ bí Huck. Huck ń sọ ohun tí Jim sọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Jim wà. Kí ọ̀rọ̀ ẹrú tó dé etí òǹwòran, ó ti gba ẹnu òyìnbó mẹ́ta kọjá. Kò sí bí òṣèré ti lè já fáfá tó tí yóò mú èyí kúrò, nítorí pé nínú eré ẹlẹ́nìkan, kò sí Jim tí yóò dìde láti ìhà kejì ìtàgé kí ó dáhùn fún ara rẹ̀. Àríyànjiyàn lórí ìwé yìí kò tíì parí ní Amẹ́ríkà. Ilé-ìkàwé ìlú Concord ní Massachusetts kọ̀ ọ́ ní 1885 nítorí pé wọ́n ní ó rí wúruwùru. Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn òbí aláwọ̀ dúdú ta kò ó nítorí ọ̀rọ̀ èébú tí ó fara hàn nínú rẹ̀ ní ìgbà tí ó lé ní 200. Ní 2011, ilé ìtẹ̀wé kan tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹrú dípò èébú náà. Eré Holbrook kò dá àríyànjiyàn yìí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gbé ẹjọ́ lọ síwájú àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ, ìyẹn àwọn ọmọ àwọn tí ó ra ẹrú àti àwọn ọmọ àwọn tí ó dákẹ́. Fún wọn, ọ̀rọ̀ Huck tó. Fún àwọn ọmọ Jim, kò lè tó.

Àbùkù Aṣọ Funfun

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú eré náà wà lára aṣọ rẹ̀. Aṣọ dúdú tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀ lálẹ́ ni Mark Twain sábàá ń wọ̀ nígbà tí ó ń sọ àsọyé kiri. Oṣù Kejìlá 1906 ni ó wọ aṣọ funfun láàrin òtútù lọ síwájú àwọn aṣòfin ní Washington, nígbà tí ó lọ jà fún ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni funfun ti di àmì rẹ̀. Holbrook mú aṣọ ọdún ìkẹyìn bo gbogbo ìgbésí ayé. Èyí kò burú fún eré. Ìtàgé nílò àwòrán tí ojú yóò mú lọ sílé. Ṣùgbọ́n aṣọ náà sọ ọkùnrin náà di bàbá àgbà mímọ́ tí ó ti gbé ìjà sẹ́yìn, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni inú rẹ̀ ru jù.

Ní 1901 ni ó kọ To the Person Sitting in Darkness lòdì sí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń fi ìbọn gbé ọ̀làjú lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀. Láti 1901 títí ó fi kú ni ó jẹ́ igbákejì ààrẹ Ẹgbẹ́ Alátakò Ìjọba Amúnisìn. Ní 1905 ni ó tẹ King Leopold's Soliloquy jáde, nípa ìwà ìkà ọba ilẹ̀ Belgium ní Congo. Ó yẹ kí ìwé yìí jẹ ẹni tí ń kọ́ nípa eré ẹlẹ́nìkan lógún, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni látòkè délẹ̀: ọba náà ń gbèjà ara rẹ̀, bí ó sì ti ń gbèjà ara rẹ̀ ni ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Iṣẹ́ wọ̀nyí kọ́ ni ó sọ Mark Twain Tonight! di olókìkí. Ẹni tí ó bá jáde nínú gbọ̀ngàn, ohun tí yóò rántí ni odò, sìgá, àti arúgbó tí ó lè pani lẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ owó tí Holbrook san kí wọ́n lè jẹ́ kí ó wọlé. Òtítọ́ korò, oyin ni ó sì fi gbé e mì. Síbẹ̀, oyin lè pọ̀ débi tí ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò ní mọ̀ pé òun gbé egbòogi mì.

Ìgúnlẹ̀

Holbrook kú ní ọjọ́ 23, Oṣù Kìn-ín-ní 2021, ní ẹni ọdún 95. Ní 2025, wọ́n kéde pé òṣèré Richard Thomas yóò gbé eré náà lọ káàkiri Amẹ́ríkà. Ìgbà yìí ni ìbéèrè tí ó wà nínú àkọlé iṣẹ́ yìí wá le sí i. Ẹni tí ó bá gbé agọ̀ náà báyìí, ta ni ó ń ṣe? Clemens ni ó ṣe Mark Twain. Holbrook ni ó wá ohùn fún un. Ẹni tí ó tẹ̀ lé wọn jogún ọ̀rọ̀ ẹni kìíní, ohùn ẹni kejì, àti àkójọ tí a ti ṣà sílẹ̀. Bí ó bá kàn sín ohùn náà jẹ, ère ni ó gbé jáde. Bí ó bá gba iṣẹ́ àṣàyàn náà, tí ó ń wo ìlú tí ó wà, tí ó ń yan ọ̀rọ̀ tí yóò ba ìlú náà nínú jẹ́ kí ó tó tún un ṣe, iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ ni pé ṣíṣa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jọ kì í ṣe iṣẹ́ tí kò lẹ́bi. Ẹni tí ó bá tún ọ̀rọ̀ òkú sọ, ì báà má fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, ti sọ ohun tirẹ̀ nípa èyí tí ó mú àti èyí tí ó fi sílẹ̀. Holbrook mọ èyí, ó sì fi ọdún 63 ṣe é pẹ̀lú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí ó ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ó mú dára. Nínú èyí tí kò sọ eré rẹ̀ di olókìkí ni Congo wà.